Ìtàn Ètò Àtilẹ̀wá fún Ìtọ́jú Dráìfù SSD Nínú Kọ̀ǹpútà, Láti 2007 Títí Dé 2023

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti sọ ìtàn ìpinnu kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ èrè rẹ̀, tí wọ́n sì ń jìyà rẹ̀ nígbà mìíràn, láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe ìpinnu kankan. Ìpinnu náà ni bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa tọ́jú dráìfù SSD tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó ni ín kò bá sọ ohunkóhun. Èyí ni a pè ní ètò àtilẹ̀wá: ètò tí ẹ̀rọ bá wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, tí yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹnìkan bá yí i padà. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀ràn náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí onílé bá dákẹ́, àlejò kan ti wà nínú ilé tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ìtàn àlejò náà ni a fẹ́ tọpinpin.

Ó lè ya àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹgbẹ́ wa lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ báyìí wá sí iwájú àpérò àwọn onítàn. Ohun tí ó gbé e wá ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó bá wa ní Ìtamàga, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Ìtòikin. A ti gba ohùn àwọn àgbàlagbà kan sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe tẹ àwọn àdúgbò kan dó ní agbègbè náà. A kó ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan, a sì pa á rẹ́ lórí fóònù tí a fi gbà á, nítorí pé àyè kò sí mọ́ lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, níbi tí a ti ń wá àyè lórí kọ̀ǹpútà náà, àwa fúnra wa ni a fi àṣìṣe pa fódà náà rẹ́, tí a sì tún da apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà nù. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé háàdì dísíìkì ló wà nínú ẹ̀ ni àbí SSD?" A ní SSD ni. Ó mi orí. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ká ní háàdì dísíìkì ni, à bá jọ wá a. Èyí ti gbálẹ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé." Méjì nínú àwọn àgbàlagbà náà ti papòdà kí a tó padà lọ bá wọn.

Ọ̀rọ̀ gbígbálẹ̀ tí ó sọ yìí ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ta ni ó ní kí ẹ̀rọ náà gbálẹ̀? Nígbà wo ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀? Àbá wa ni pé ètò àtilẹ̀wá kì í ṣe ohun tí ó ti ara ẹ̀rọ wá bí èso ti ń ti ara igi wá. Ìpinnu ènìyàn ni, ó sì yí padà láti ìgbà dé ìgbà bí ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń dín tàbí tí ó ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ń ṣe dráìfù àti àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò sí nínú ìjíròrò náà rárá ni ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ náà pa ìtàn mọ́.

2. Wàláà Ilé-Kéú àti Iṣẹ́ SSD

Kí á tó lè lóye ìtàn náà, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó mú kí SSD yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìpamọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Háàdì dísíìkì ti wà láti ọdún 1956 tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ RAMAC jáde. Àwo tí ń yí bírí ni ó wà nínú rẹ̀, agbára òòfà ni a sì fi ń kọ nǹkan sí ojú àwo náà. Bí a bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí ibi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ wà, a kàn ń kọ ọ́ lé e lórí ni. Kò sí ìdí fún ìmúrasílẹ̀ kankan.

SSD kò rí bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ kò ní ohun tí ń yí. Iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Fujio Masuoka, tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ Toshiba nígbà náà, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé irú ìpamọ́ tí à ń pè ní flash fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní 1984. Ní 1987, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀yà rẹ̀ tí à ń pè ní NAND, èyí tí ó wà nínú SSD àti nínú fóònù wa lónìí. Iná mànàmáná díẹ̀ tí a há mọ́ inú àwọn yàrá kéékèèké ni ó dúró fún ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti lọ sí ilé-kéú rí yóò tètè lóye bí flash ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kéú a máa fi tàdáwà kọ ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ sí ojú wàláà rẹ̀. Nígbà tí ó bá fẹ́ kọ ẹsẹ̀ mìíràn, kò lè kọ ọ́ lé èyí tí ó wà níbẹ̀ lórí. Ńṣe ni yóò fọ wàláà náà. Bẹ́ẹ̀ ni flash rí. A kò lè kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà, àfi bí a bá kọ́kọ́ fọ ibẹ̀. Ohun tí ó tún wá mú kí ọ̀rọ̀ náà díjú ni pé ojú ìwé kan ni a lè kọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n a kò lè fọ ojú ìwé kan ṣoṣo. Búlọ́ọ̀kù odindi, tí ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ìwé nínú, ni a gbọ́dọ̀ fọ papọ̀. Bí ojú ìwé díẹ̀ bá ṣì wúlò nínú búlọ́ọ̀kù náà, dráìfù yóò kọ́kọ́ da wọ́n kọ sí ibòmíràn kí ó tó fọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kéú tí ó ní láti da ẹsẹ̀ tí kò tí ì há sórí kọ sí wàláà kejì kí ó tó bu omi sí ti àkọ́kọ́.

Bí a bá sì ń fọ wàláà lójoojúmọ́, igi rẹ̀ yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Flash náà ní iye ìgbà tí a lè fọ̀ ọ́ kí ó tó gbó. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tí yàrá kọ̀ọ̀kan wọn ń gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, a máa fara da ìfọ̀ tí ó tó 100,000. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n tẹ̀ lé wọn, tí yàrá kọ̀ọ̀kan wọn ń gba ẹyọ mẹ́ta, kì í fara da ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ.

Níbí ni iṣẹ́ ètò ìtò fáìlì ti wọlé. Ètò ìtò fáìlì ni akọ̀wé tí ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà nínú dráìfù. Nígbà tí a bá ní kí kọ̀ǹpútà pa fáìlì rẹ́, ohun tí akọ̀wé yìí máa ń ṣe ni pé kí ó fa igi lé orúkọ fáìlì náà nínú ìwé tirẹ̀. Kì í lọ sí àká lọ kó ẹrù náà dànù. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ fi lè bá ni wá fáìlì tí a pa rẹ́ lórí háàdì dísíìkì: orúkọ ti lọ, ẹrù ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú SSD, bí akọ̀wé kò bá sọ fún dráìfù pé a kò fẹ́ ẹrù náà mọ́, dráìfù yóò máa da pàǹtí kọ láti búlọ́ọ̀kù kan sí òmíràn bí ẹni pé ohun iyebíye ni. Iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa falẹ̀, yóò sì máa gbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àṣẹ tí akọ̀wé fi ń sọ fún dráìfù pé "a kò fẹ́ ibi báyìí báyìí mọ́" ni à ń pè ní TRIM. Òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin Ìtamàga yẹn pè ní ilẹ̀ gbígbá.

3. Ìgbà Kìíní: Ìfura, 2007 sí 2012

Ìgbìmọ̀ T13, tí ń ṣe òfin bí kọ̀ǹpútà àti dráìfù ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò lórí àṣẹ TRIM ní 2007. Ní oṣù Kejìlá 2008, ẹ̀dà 2.6.28 ti Linux, ètò kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, jáde pẹ̀lú ọ̀nà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò máa gbà láti ọ̀dọ̀ ètò ìtò fáìlì lọ sọ́dọ̀ dráìfù. Ọ̀nà ti là, ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá 2009, Microsoft gbé Windows 7 jáde. Nínú rẹ̀, TRIM jẹ́ ètò àtilẹ̀wá. Bí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà bá ti pa fáìlì rẹ́ pátápátá, ètò náà ń rán iṣẹ́ sí SSD lójú ẹsẹ̀, onítọ̀hún ìbáà mọ̀, ìbáà má mọ̀. A ó pe èyí ní ìgbálẹ̀ ojú ẹsẹ̀.

Àwọn tí ń kọ Linux gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kejì 2010, ẹ̀dà 2.6.33 jáde, ó sì fún ext4, tí ó jẹ́ ètò ìtò fáìlì tí ó wọ́pọ̀ jù lórí Linux, ní ànfààní láti máa fi TRIM ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tì í pa. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ìwé àlàyé ètò náà sọ ìdí rẹ̀ láìfi bò: ó wà ní títì títí di ìgbà tí a bá dán an wò dáadáa tó. A fẹ́ kí àwọn òǹkàwé ṣe àkíyèsí gbólóhùn yìí. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń ṣọ́ra ni, ó sì fi hàn pé fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ní i lọ́kàn. Síbẹ̀, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí gbólóhùn náà fi wà nínú ìwé àlàyé láìyẹsẹ̀. Ohun tí a ṣe fún ìgbà díẹ̀ a máa di àṣà bí kò bá sí ẹni tí yóò padà wá bi í léèrè.

Ìdí méjì ni ó fa ìfura yìí. Àkọ́kọ́ ni pé TRIM ti ìgbà náà kò lè tò sẹ́yìn àwọn iṣẹ́ yòókù. Nígbà tí ó bá dé, gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kí wọ́n tó dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí wọ́n dí nítorí ìjòyè kan tí ń kọjá. Bí a bá ń pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì kéékèèké rẹ́, kọ̀ǹpútà yóò máa dúró, yóò máa rìn. Ìwé àlàyé XFS, ètò ìtò fáìlì mìíràn lórí Linux, náà gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe lo ìgbálẹ̀ ojú ẹsẹ̀ nítorí ìfàsẹ́yìn yìí. Ìdí kejì ni pé dráìfù àwọn ilé-iṣẹ́ kò ṣe déédéé. Àwọn kan ń ṣe TRIM kíákíá, àwọn kan ń falẹ̀, àwọn kan sì ní àbùkù.

Apple náà ní ìfura tirẹ̀. Ní 2011, nígbà tí Mac OS X 10.7 jáde, TRIM ń ṣiṣẹ́ lórí SSD tí Apple fúnra rẹ̀ bá fi sínú ẹ̀rọ nìkan. Ẹni tí ó bá ra SSD ilé-iṣẹ́ mìíràn kò ní i, àfi bí ó bá lo ètò tí àwọn aládàáni kọ. Oṣù Kẹfà 2015, pẹ̀lú ẹ̀dà 10.10.4, ni Apple tó fún àwọn oníṣẹ́ ní àṣẹ kan, trimforce, tí wọ́n lè fi ṣí i fún SSD yòówù. Àṣẹ náà kọ́kọ́ ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá lò ó pé ọrùn ara rẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà.

Nípa báyìí, láàárín ọdún márùn-ún péré, ìdáhùn mẹ́ta ni ó wà sí ìbéèrè kan náà. Microsoft ní kí á máa gbá a. Àwọn oní-Linux ní kí á fi í sílẹ̀ títí onílé yóò fi sọ̀rọ̀. Apple ní kí á gbá ilé tí àwa bá kọ́, kí á má gbá ilé ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ètò àtilẹ̀wá bá ti ara ẹ̀rọ wá ni, ìdáhùn wọn kò bá má yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

4. Ìgbà Kejì: Ìgbálẹ̀ Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, 2011 sí 2015

Ọ̀nà àárín kan yọ ní oṣù Kìíní 2011 pẹ̀lú ẹ̀dà 2.6.37 ti Linux. Lukáš Czerner, oníṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Red Hat, ni ó wà nídìí rẹ̀. Dípò kí ètò ìtò fáìlì máa ké sí dráìfù nígbàkúùgbà tí fáìlì kan bá lọ, ó lè dúró kó gbogbo àyè tí ó ṣófo jọ, kí ó sì kà wọ́n fún dráìfù lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ irinṣẹ́ tí ń ṣe èyí ni fstrim. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì dà bí ìyàtọ̀ láàárín obìnrin tí ń gbá ẹ̀yìn ọmọ bí ọmọ ti ń jẹun àti èyí tí ń dúró kí gbogbo ilé jẹun tán.

Àwọn fóònù wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì Nexus 7 tí Google gbé jáde ní 2012 bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn tí wọ́n rà á sì ń ráhùn. Nígbà tí Android 4.3 jáde ní oṣù Keje 2013, fstrim wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ètò àtilẹ̀wá, tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá sinmi, tí iná inú bátìrì sì tó. Láti ìgbà náà ni fóònù ti ń gbálẹ̀ ara rẹ̀ ní òru, nígbà tí onífóònù bá ti sùn.

Ní oṣù Kẹrin 2014, Ubuntu 14.04 di ọ̀kan nínú àwọn Linux tí ń gbálẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láìjẹ́ pé onílé sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìfura kò tíì tán. Ètò náà ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ díẹ̀, bí Intel àti Samsung, tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí dráìfù bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, kì í fọwọ́ kàn án.

Ọdún 2015 fi hàn pé ìfura náà ní ìdí, ó sì tún fi hàn pé ìfura lè ṣi ọ̀nà. Lọ́wọ́ kan, àwọn tí ń tọ́jú Linux rí i pé irú TRIM tuntun kan, èyí tí ó lè tò sẹ́yìn iṣẹ́ mìíràn, kò ṣe déédéé lórí àwọn SSD Samsung kan, wọ́n sì fi wọ́n sínú ìwé àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí. Lọ́wọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ Algolia kéde ní oṣù Kẹfà ọdún náà pé ọ̀rọ̀ ń nù lórí àwọn kọ̀ǹpútà òun, àti pé SSD Samsung ni òun fura sí. Àwọn oníṣẹ́ Samsung yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì rí i pé inú Linux fúnra rẹ̀ ni àṣìṣe wà, ní apá tí ń pín TRIM sí àwọn dráìfù tí a so pọ̀. Wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní oṣù Keje. Ìgbálẹ̀ ni ó ń gbá ibi tí kò yẹ, wọ́n sì ti kọ́kọ́ dá ilẹ̀ lẹ́bi. Onítàn tí ó bá ka ìkéde àkọ́kọ́ nìkan yóò kọ ìtàn tí kò rí bẹ́ẹ̀.

5. Ìgbà Kẹta: Ìgbẹ́kẹ̀lé, 2020 sí 2023

Láti 2020, ìfura náà rọlẹ̀. Fedora 32, tí ó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, sọ ìgbálẹ̀ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ di ètò àtilẹ̀wá láìbéèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe dráìfù. Ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, ètò ìtò fáìlì Btrfs ti gba irú ìgbálẹ̀ mìíràn pẹ̀lú ẹ̀dà 5.6 ti Linux: ó ń kó pàǹtí jọ, ó sì ń gbá a díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni ó ń ṣí i. Ní oṣù Kejì 2023, pẹ̀lú ẹ̀dà 6.2, ó di ètò àtilẹ̀wá lórí dráìfù yòówù tí ó bá lè ṣe é.

Kí ni ó yí padà? Wàláà kò yí padà. Flash 2023 náà gbọ́dọ̀ di fífọ̀ kí a tó kọ nǹkan sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ ti tún iṣẹ́ wọn ṣe, TRIM sì ti lè tò sẹ́yìn àwọn iṣẹ́ yòókù láti ìgbà òfin SATA 3.1 ti 2011. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ìgbálẹ̀ lórí Windows, lórí Android àti lórí Ubuntu ti fi hàn pé ilé kì í sábà wó nítorí pé a gbá a. Ìrírí ni ó di òfin.

Ibì kan wà tí wọ́n ti di ìfura náà mú ṣinṣin. Nígbà tí a bá fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ti dráìfù lórí Linux, ètò dm-crypt kì í jẹ́ kí TRIM kọjá, àfi bí onílé bá fi àyè gbà á. Ìdí ni pé ìgbálẹ̀ a máa fi ibi tí ó ṣófo hàn, ẹni tí ó bá sì rí ibi tí ó ṣófo ti mọ díẹ̀ nípa ibi tí ó kún. Níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ gbà pé ìtọ́jú lè pa onílé lára.

6. Ohun tí Ó Kàn Wá ní Ìkòròdú

Nínú gbogbo ìjíròrò tí a ti sọ yìí, ọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀rọ yóò ṣe yára tó, bí yóò ṣe pẹ́ tó, àti bóyá yóò ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni ó gba iwájú. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ. Èyí kò ya ni lẹ́nu, nítorí pé ẹni tí ó ní ẹ̀dà mẹ́ta kò ní bẹ̀rù àṣìṣe. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà, orí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ó sì máa ń wà. A mọ ogun Ìkòròdú ti 1865, nígbà tí Glover rán ọmọ ogun láti Èkó lọ lé àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n dó ti ìlú náà, nítorí pé ìwé tí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kọ ṣì wà ní ìpamọ́. Ìtàn àdúgbò kékeré kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà ni ó wà, láti ẹnu wọn ni ó sì ń bọ́ sínú flash.

Síbẹ̀, kò yẹ kí á sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí ń gba èbúté Èkó wọlé. Wọ́n fojú dá a pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ni ó ń wọlé lóṣooṣù, wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tí ó ti lo ẹ̀rọ náà rí ṣì wà nínú àwọn háàdì dísíìkì tí wọ́n rà. Ká ní SSD tí ń gbálẹ̀ ara rẹ̀ ni, tí àwọn tí ó ni ín sì ti pa fáìlì wọn rẹ́, ìwọ̀nba ni irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ì bá jẹ́. Ètò tí ó gba ohùn àwọn àgbà lọ́wọ́ wa náà ni ó ń dáàbò bo ẹni tí ó lo kọ̀ǹpútà wa kí ó tó di tòkunbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń mú kí dráìfù pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò lówó láti ra òmíràn. Bí a bá ní kí wọ́n pa á tì, àwa náà ni yóò kọ́kọ́ dùn.

Àwọn onímọ̀ nípa ìwádìí ọ̀ràn ti rí ìhà yìí tipẹ́. Ní 2010, Graeme Bell àti Richard Boddington ti ilẹ̀ Ọsirélíà kọ iṣẹ́ kan tí wọ́n fi kìlọ̀ pé ẹ̀rí tí ó wà lórí SSD lè pòórá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, àti pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá ẹ̀rí lórí háàdì dísíìkì ń lọ sí òpin. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilé ẹjọ́ kan onítàn náà, nítorí pé ẹ̀rí ni iṣẹ́ tiwa pẹ̀lú.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ mọ́ agbègbè wa. Ìgbálẹ̀ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti Linux ní àkókò: òru ọjọ́ Àìkú mọ́ ọjọ́ Ajé ni. Àwọn tí ó kọ ọ́ fi kún un pé bí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa ní wákàtí náà, kí ó ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n bá tún tàn án. Ìkòròdú ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn wà, ní ìhà Ìjẹ̀dẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ mẹ́fà tí àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáàtì. Síbẹ̀, ìgbà tí iná bá dé ni ọ̀pọ̀ wa ń tan kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ìgbálẹ̀ tí ó yẹ kí ó wáyé lóru ń dúró dè wá. Ẹni tí ó pa fáìlì rẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, tí iná lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ó sì tan ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ Ajé láti wá a, lè jẹ́ ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe agbálẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ètò àtilẹ̀wá fún ìtọ́jú SSD ní ìtàn, àti pé ìtàn náà ní ìgbà mẹ́ta: ìgbà ìfura, ìgbà ìgbálẹ̀ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, àti ìgbà ìgbẹ́kẹ̀lé. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ènìyàn ni ó jókòó pinnu, ìdí tí wọ́n sì fi pinnu bẹ́ẹ̀ ṣe é tọ́ka sí. Ibi tí a ti kù díẹ̀ káàtó ni pé a kò sí níbẹ̀, a kò sì béèrè ohun tí wọ́n sọ kí a tó gbé ohùn àwọn àgbà lé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́.

Ohun mẹ́ta ni a rò pé ó yẹ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa gbé yẹ̀ wò. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba ohùn sílẹ̀ má ṣe pa á rẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ó fi gbà á, títí ẹ̀dà rẹ̀ yóò fi wà ní ibi méjì mìíràn, ó kéré tán. Èkejì, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pápá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ abẹ́nà ìmọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀, irú dráìfù tí ohùn náà wà lórí rẹ̀ àti bí ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti rí, ìbáà jẹ́ ti ojú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ a máa fún aláṣìṣe ní ọjọ́ díẹ̀, bí kò bá tíì kọ nǹkan mìíràn sórí dráìfù náà. Ti ojú ẹsẹ̀ kì í fún un ní nǹkan kan. Ẹ̀kẹta, bí fáìlì bá ṣèèṣì lọ, kí ó pa kọ̀ǹpútà náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó má sì tún tàn án fúnra rẹ̀. Kí ó gbé e lọ bá ẹni tí ó lè yọ dráìfù náà, tí yóò sì fi ẹ̀rọ mìíràn tí kì í gbálẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti àwọn àgbàlagbà Ìtamàga, a padà lọ. Àwọn tí ó kù tún bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣàtúnṣe sí ohun kan tàbí méjì tí wọ́n sọ ní ìṣáájú. Ohun tí àwọn méjì tí ó ti lọ sọ kò sí lọ́wọ́ wa mọ́, àfi ìwọ̀nba tí a fi gègé kọ sínú ìwé nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ìwọ̀nba náà ni a ó lò nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa, a ó sì sọ ní ojú ewé tí ó bá ti wáyé pé ohùn rẹ̀ kò sí, àti ìdí tí kò fi sí.